Ìṣẹ́jú Mélòó Ni Láti Àkúrẹ́ Dé Ìlọrin?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, mo kí yín. Sìdíkátù ni orúkọ mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi, ṣùgbọ́n Agége ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbé títí di òní. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Tí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn máa ń bi mi ni pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń pín oúnjẹ nínú bàálù ni?"

Rárá o. Ìdí tábìlì ni mo ń jókòó sí. Kí bàálù tó gbéra, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọn ọ̀nà rẹ̀, kó wo ojú ọjọ́, kó ṣírò iye ìṣẹ́jú tí yóò lò lójú sánmà àti iye epo tí yóò gbé, kó sì wá pápá mìíràn sílẹ̀ tí yóò sá lọ bí ibi tó ń lọ kò bá ṣeé balẹ̀ sí. Pápá ìsádi la máa ń pe ìyẹn láàárín ara wa. Ẹni náà á buwọ́ lu ìwé, awakọ̀ náà á buwọ́ lù ú. Bí orúkọ méjèèjì kò bá pé, bàálù kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Dísípáṣà ni wọ́n ń pè wá.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Mo jáde ilé ìwé girama, mo mọ ìṣirò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ ẹnì kan, ilé iṣẹ́ bàálù kékeré kan sì gbà mí. Owó oṣù ibẹ̀ kò sọ mí di olówó, kò sì fi ebi pa mí. Ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀gá Láníyì ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ Bàbá Rúlà ni gbogbo pápá ń pè é, nítorí rúlà irin kan tí kì í kúrò lápò àyà rẹ̀. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì wọ́n ju epo bàálù lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò bi mí ní orúkọ mi. Ohun tó bi mí ni pé, "Báwo ni Àkúrẹ́ ṣe jìn sí Ìlọrin tó?"

Mo ní, "Á tó wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún, sà. Ọ̀nà ibẹ̀ kò dára."

"Ta ló bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ ọ̀nà? Ṣé inú kòtò ni bàálù ń gbà ni?"

Ó tẹ́ máàpù ńlá kan sórí tábìlì, ó yọ rúlà yẹn fún mi. Mo fa ìlà láti Àkúrẹ́ sí Ìlọrin, mo wọ̀n ọ́n. Ó fi díẹ̀ lé ní àádọ́jọ kìlómítà. Ó ní kí n tún wọn Ìkẹjà sí Àkúrẹ́, kí n wọn Ìkẹjà sí Ìlọrin. Ẹnu yà mí. Lójú sánmà, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn bákan náà sí wa. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò lọ sí ìlú méjèèjì rí kò ní gbà.

"Ó dáa. Bàálù wa ń sá irínwó kìlómítà ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú mélòó ni láti Àkúrẹ́ dé Ìlọrin?"

Mo ṣírò rẹ̀ kíákíá, inú mi dùn. "Mẹ́rìnlélógún, sà."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fà á ya. "Ta ló sọ fún ọ? Ṣé o béèrè afẹ́fẹ́? Àkúrẹ́ kò ní ṣí kúrò níbi tó wà, Ìlọrin náà kò ní ṣí. Ọ̀nà kì í gùn sí i, kì í sì í kúrú sí i. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òní kì í ṣe afẹ́fẹ́ àná. Kó o tó pe ìṣẹ́jú lẹ́nu níwájú mi, kọ́kọ́ lọ béèrè afẹ́fẹ́."

Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi bi mí ní ìbéèrè kan yẹn láràárọ̀. Láràárọ̀ ni mo máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi àwọn tó ń wo ojú ọjọ́, màá gba ìwé wọn, màá padà wá ṣírò. Lónìí, mẹ́tàlélógún. Lọ́la, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kọ̀ǹpútà kò sí. Irin róbótó kan tí nọ́ńbà kún ara rẹ̀ la máa ń fọwọ́ yí, òun ló ń bá wa ṣírò afẹ́fẹ́. Tí mo bá fi ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ṣì í, ó máa ní kí n jáde lọ dúró nínú oòrùn létí ibi tí àwọn bàálù ń dúró sí, kí n gbé ọwọ́ sókè, kí n wá sọ fún òun ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Àwọn agbẹ́rù máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Sìdí, ṣé o fẹ́ fò ni?"

Òfin méjì ló fún mi. Èkíní, kò sí réṣà lórí tábìlì òun. Bí o bá ṣì í, fa ìlà sí i, kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó o sì buwọ́ lù ú, kí gbogbo ayé lè rí àṣìṣe rẹ. Èkejì, a kì í da ìwé àná kọ. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá da ìwé àná kọ, inú àná ló ń rán bàálù lọ."

Mo sunkún o, mi ò ní purọ́. Mo sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, kí n lọ kọ́ aṣọ rírán. Ìyá mi ní, "Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Padà síbẹ̀." Síbẹ̀ náà, ọkùnrin yìí kì í ṣe ìkà. Kristẹni ni, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí àkókò ìrun bá ti tó, ó máa gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi láìsọ̀rọ̀, á jókòó sórí àga mi títí n ó fi dé.

Ní ọdún kẹfà, mo rò pé mo ti gbọ́n tán. Bàbá Rúlà gba ìsinmi, ó fi tábìlì sílẹ̀ fún mi. Ìgbà ọyẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan, ibà mú àkọ́bí mi, mo sì pẹ́ kí n tó dé ibi iṣẹ́. Èrò mẹ́rìndínlógún ti ń dúró de bàálù Àkúrẹ́. Ìwé ojú ọjọ́ àárọ̀ yẹn ti wà lórí tábìlì mi, ẹnì kan ti bá mi gbà á wá. Mo gbé ife tíì lé e lórí. Mo fa ìwé àná jáde. Ọ̀nà kan náà, bàálù kan náà, awakọ̀ kan náà. Kí ló kù tó lè yàtọ̀? Mo dà á kọ, mo buwọ́ lù ú. Kápítéènì Bánkọ́lé, ẹni tó ń wa bàálù náà, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọwọ́ iṣẹ́ mi. Ó buwọ́ lù ú, ó gbéra.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò. "Sìdí, ọ̀nà yìí ń pẹ́ o. Ìṣẹ́jú méje ni mo ti fi lé sí ti inú ìwé rẹ."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ó débẹ̀ láìpẹ́."

Kò pẹ́ ni ohùn rẹ̀ tún dé. "Mi ò rí ilẹ̀ ní Àkúrẹ́. Eruku ti bo gbogbo rẹ̀. Mo yí i po lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí nǹkan kan. Mò ń lọ sí Ìlọrin."

Ìgbà yẹn ni mo gbé ife kúrò. Ìwé náà ti ní òrùka omi tíì lára, afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà sì wà láàárín òrùka yẹn gẹ́lẹ́. Ó le ju ti àná lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ó ń kojú bàálù láti Ìkẹjà dé Àkúrẹ́, ó sì ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti Àkúrẹ́ dé Ìlọrin. Mo fi irin róbótó ṣírò rẹ̀. Òfin ní bí bàálù bá dé pápá ìsádi, epo ìdajì wákàtí gbọ́dọ̀ ṣì kù nínú rẹ̀. Èyí tí tiwọn máa kù kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá dé Ìlọrin, tí eruku kò jẹ́ kí wọ́n rí ilẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, agbára káká ni wọ́n fi máa rí epo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Ibòmíràn kò sí tí wọ́n lè sá lọ.

Mo gbé rédíò. "Ọ̀gá, ìṣirò mi kò tọ́. Ti àná ni mo fún yín. Kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ni láti Àkúrẹ́ dé Ìlọrin lónìí, ọgbọ̀n ni. Ẹ dín eré kù kí epo lè gbé yín débẹ̀."

Ó ní, "Ọgbọ̀n. Mo gbọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti bímọ mẹ́ta, mo ti sin bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí àkókò tó gùn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn. Aago ara ògiri ni mo ń wò. Mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń rò ó pé ìyàwó ta ló wà nínú bàálù yẹn, bàbá ta ni. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé, mi ò lè wo aago mọ́.

"Sìdí." Kápítéènì ni. "A ti balẹ̀ ní Ìlọrin. Nígbà àkọ́kọ́ la ti rí ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa."

Mo gbé orí lé tábìlì, mo sì ké bí ọmọdé.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ó kù. Ìjọba rán àwọn tó máa wádìí ọ̀rọ̀ náà. Máníjà wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Sìdí, wọ́n máa ní kó o kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kọ ọ́ pé awakọ̀ ló pẹ́ jù lókè Àkúrẹ́. Ó ṣáà yí i po lẹ́ẹ̀mejì."

"Àmọ́, sà, ìwé mi ló..."

"Ìwé wo? Ìwé lè sọ nù. Ẹ̀yin méjì péré lẹ sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Bó bá jẹ́ àṣìṣe awakọ̀, òun nìkan ni wọ́n máa gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ọ́fíìsì, gbogbo wa ni. Ìwọ náà ní ọmọ nílé."

Mo jáde. Bàbá Rúlà ti gbọ́, ó ti fi ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀, ó wà nídìí tábìlì. Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Mo rò ó fún un látòkè délẹ̀, títí dórí ohun tí máníjà sọ. Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Bó o bá kọ ohun tí ọ̀gá yẹn fẹ́, báwo lo ṣe máa jókòó síbí lọ́la? Tí Bánkọ́lé bá tún dé, tó na ọwọ́ sí ọ pé kó o fún òun ní ìwé, kí lo máa fún un?"

Mo na bírò mi sí i. Ó ní, "Mi ò ní bá ọ kọ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ni bírò."

Mo sọ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Télọ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ebi ò ní pa wá." Lọ́jọ́ kejì mo kọ gbogbo rẹ̀: ìwé àná, ife tíì, ohun gbogbo. Mo so ìwé tó ní òrùka tíì yẹn mọ́ ọn. Wọ́n dá Kápítéènì Bánkọ́lé láre. Èmi, wọ́n mú mi kúrò nídìí tábìlì fún oṣù mẹ́fà, wọ́n ní kí n máa wọn ẹrù èrò. Ẹnu àwọn agbẹ́rù kò sì fàyè gbà mí.

Ní nǹkan bí oṣù kẹta, Kápítéènì gba ibẹ̀ kọjá, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n mi. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

"Ìgbà wo lò ń padà sí tábìlì?"

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ẹni tó ti ṣì í rí, tó sì jẹ́wọ́, kì í bà mí lẹ́rù. Àwọn tí kò ṣì í rí ló ń bà mí lẹ́rù." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, òun ló lọ bá àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n dá mi padà. Bàbá Rúlà fẹ̀yìn tì ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àga rẹ̀ ni mo bọ́ sí.

Ayé ń yí lọ, iṣẹ́ náà ń yí. Ìwé ojú ọjọ́ tí mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ gbà tẹ́lẹ̀ wá ń ti inú ẹ̀rọ fáàsì jáde. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ní ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò máa lọ sílé. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Mo gbé ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo lọ sí Computer Village. Nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan ní Òtìgbà, mo bá ọmọbìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mọ̀rónkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní póli ni, kò rí iṣẹ́.

Mo ní, "Ọmọ mi, kọ́ mi bí a ṣe ń lò ó. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó kọ́ mi fún oṣù méjì, lẹ́yìn iṣẹ́. Mo máa ń tẹ bọ́tìnì bí ẹni ń gún ata. Ó máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Àlhájà, ẹ rọra, kò ní sá lọ." Lọ́jọ́ kan, ó bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an. Mo yà á fún un lórí bébà: Àkúrẹ́ rèé, Ìlọrin nìyí. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ kọ́ mi." Báyìí ni olùkọ́ mi ṣe di ọmọ iṣẹ́ mi. Ó lọ gba ìwé ẹ̀rí, ó ṣe ìdánwò, wọ́n gbà á síbi iṣẹ́ wa.

Kọ̀ǹpútà lè sọ ọ̀nà, afẹ́fẹ́ àti epo kí o tó ṣẹ́jú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ayé àtijọ́ dára jù. Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta, mo ní kí Mọ̀rónkẹ́ fi pẹ́ńsù àti rúlà ṣe é kó tó fọwọ́ kan bọ́tìnì. Ó kùn sí mi. Bí mo ṣe le mọ́ ọn, ọkọ mi ní mo ti di Bàbá Rúlà kejì.

Ohun tí mo máa sọ kẹ́yìn ṣẹlẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Ìgbà òjò ni, ọ̀sán ọjọ́ kan, bàálù Ìlọrin fẹ́ gbéra. Ọkùnrin pàtàkì kan wà lára èrò, ó ní ìpàdé níbẹ̀, ó sì ti ń pariwo pé àwọn ti pẹ́ jù. Mọ̀rónkẹ́ wà nídìí tábìlì. Ó rí ìjì kan lójú kọ̀ǹpútà tó nà gbọọrọ bí ògiri láàárín wa àti Ìlọrin. Awakọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ní òun lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mọ̀rónkẹ́ ní òun kò ní buwọ́ lù ú.

Ọkùnrin pàtàkì náà fúnra rẹ̀ wọlé wá bá wa, máníjà tuntun tẹ̀ lé e.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?"

Mọ̀rónkẹ́ dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mo mọ̀ yín. Ìjì yẹn ni kò mọ̀ yín."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì ń bà mí. Máníjà yíjú sí mi. "Àlhájà, ẹ̀yin lọ̀gá rẹ̀. Ẹ bá wa buwọ́ lù ú, ká lè máa lọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Bí mo ṣe wo ìjì yẹn, mo rò ó lọ́kàn pé bóyá ó lè yẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́rin kí n gba ìwé ìfẹ̀yìntì mi, n kò sì fẹ́ wàhálà. Mo fa ìwé náà mọ́ra, mo kà á. Gbogbo ìlà rẹ̀ ló tọ́. Ó ti ṣírò ọ̀nà mẹ́ta, ó ti wo pápá ìsádi méjì, kò sì sí èyí tí epo máa tó fún bí wọ́n bá ní láti yí ìjì náà po. Mọ̀rónkẹ́ kò gbé ojú kúrò lára mi.

Mo dá ìwé náà padà sórí tábìlì. Mo ní, "Ohun tó kọ ni mo kà. Èmi náà kò ní buwọ́ lù ú."

Èébú tí a gbọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ má bi mí. Wọ́n ní wọ́n máa lé àwa méjèèjì. A jókòó. Wákàtí méjì ààbọ̀ kọjá kí ìjì náà tó fọ́n ká. Mọ̀rónkẹ́ tún lọ béèrè afẹ́fẹ́, ó ṣírò lákọ̀tun, ó wá buwọ́ lù ú. Bàálù gbéra, kò sì sẹ́ni tó lé wa níkẹyìn.

Ogójì ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, fóònù dún. Ọmọkùnrin kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin ni. Mọ̀rónkẹ́ gbé e sí etí, ó tẹ̀ ẹ́ kí èmi náà lè gbọ́.

"Àlhájà, wọ́n ti balẹ̀ o. Inú ń bí wọn gan-an! Gbogbo wọn ló ń bú yín."

Mo ní, "Bá mi kà wọ́n."

"Ẹ ní kí n kà wọ́n kẹ̀? Ṣebí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ báyìí."

"Bá mi kà wọ́n, jọ̀ọ́."

A ń gbọ́ ariwo wọn látinú fóònù bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń pe ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń wá báàgì, ọmọ tó ń sunkún. Ọmọkùnrin náà ń kà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó tún gòkè. Mọ̀rónkẹ́ di ọwọ́ mi mú.

Ọmọkùnrin náà ní, "Wọ́n pé, Àlhájà. Gbogbo wọn pé."